Wọ́n Pàdé Létí Òkun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun tí ó dá wa ní akọ àti abo, tí ó sì fi ìfẹ́ àti àánú sí àárín tọkọtaya. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú wáàsí oṣù yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mí kanlẹ̀ báyìí, tí wọ́n ń sọ lọ́kàn wọn pé, "Ààfáà tún dé, ó fẹ́ sọ fún wa pé ohun gbogbo ni èèwọ̀." Ẹ fara balẹ̀. Ibi tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí ń lọ kọ́ ni ó ń lọ.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí a parí àsàlátù tí a ń ká ẹní, mo rí àwọn arábìnrin wa márùn-ún ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn tí wọ́n dorí bo fóònù kan ṣoṣo. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú wọn. Mo sún mọ́ wọn. Fíìmù ni wọ́n ń wò. Ọkùnrin ará Íńdíà kan àti ọmọbìnrin dúdú kan dúró létí òkun, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tí kò rí ènìyàn rí. Mo gbóhùn sókè. Mo ní ṣé orí ẹní tí a ti ń ka Àlùkùránì, tí kò tí ì tutù tán, ni wọ́n ti ń wo irú èyí. Gbogbo wọn dákẹ́, àfi ẹnì kan. Ó kúnlẹ̀ tìwà-tìwà, ó ní, "Ẹ má bínú sí wa, Ààfáà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti wò ó ni?"

N kò tí ì wò ó. Ojú tì mí, n kò ní purọ́ fún yín. Nítorí mo ti ka Súúrà Al-Isrá, ẹsẹ 36, fún àwọn ọmọbìnrin yìí kan náà lẹ́ẹ̀kan rí, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti máa tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, tí Ó sì jẹ́ kí á mọ̀ pé etí, ojú àti ọkàn, gbogbo wọn ni a ó bi léèrè. Ojú la sábà máa ń tẹnu mọ́ nínú ẹsẹ yẹn. A kì í sábà tẹnu mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń bú ohun tí kò mọ̀, òun náà ní ìbéèrè tirẹ̀ tí yóò dáhùn.

Mo délé, mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé mo ní ìwádìí kan tí mo fẹ́ ṣe, mo dárúkọ fíìmù náà. Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ìwádìí wo lẹ fẹ́ ṣe lórí Namaste Wahala?" Ó ti wò ó tipẹ́, èmi ni n kò mọ̀. A jọ jókòó, a wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2021 ni fíìmù náà jáde lórí Netflix, ọjọ́ tí àwọn aráyé ń pè ní ọjọ́ Valentine. Wọ́n ti fẹ́ gbé e sí sinimá ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà ni kò jẹ́. Hamisha Daryani Ahuja, ọmọ Íńdíà tí ó dàgbà ní ilẹ̀ wa níbí, ni ó darí rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni Didi, tí Ini Dima-Okojie ṣe. Òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìdókòwò ni Raj, tí Ruslaan Mumtaz ṣe. Àwọn méjèèjì ń sáré ìdárayá létí òkun ní Èkó, wọ́n kọlu ara wọn, ó tán. Wọn kò tí ì mọ ilé ara wọn, ìfẹ́ ti wọlé. Ìgbà tí ìfẹ́ ti gbóná tán ni a tó wá mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí. Richard Mofe-Damijo ni bàbá Didi, Joke Silva ni ìyá rẹ̀. Ìyá Raj sì ti Íńdíà wá. Àwọn òbí ìhà méjèèjì kò fẹ́ àjèjì. Wàhálà tí àkọlé ń sọ nìyẹn. "Namaste" ni àwọn ará Íńdíà fi ń kí ara wọn. Orin wà níbẹ̀, ijó wà, àwàdà wà, òpin rẹ̀ sì dùn bí òpin irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dùn.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa gbé fíìmù yẹ̀ wò kò fi bẹ́ẹ̀ yìn ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ó fúyẹ́ jù, pé ẹni tí ó bá ti wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti mọ bí yóò ṣe parí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wọn. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti wà lọ́mọdé ni fíìmù Íńdíà ti ń jó lójú sinimá ní ilẹ̀ yìí, tí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà, tí wọ́n sì ń sunkún pẹ̀lú ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi fún ẹni tí kò wù ú. The Wedding Party, tí ó jáde ní ọdún 2016, tí ó sì pa owó ju gbogbo fíìmù Nàìjíríà tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ẹbí Yorùbá àti ẹbí Ìgbò níbi ìgbéyàwó ni òun náà dá lé. Ohun tí ó ń dun àwọn ènìyàn gan-an ni àwọn oníṣòwò fíìmù ń fi àwàdà wé tà fún wọn. Oníṣòwò kì í gbé ọjà tí kò tà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti bínú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Ààfáà ti di aláfẹ́.

Mo bínú sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Súúrà An-Nuur, ẹsẹ 30 àti 31, kọ́ ọkùnrin àti obìnrin onígbàgbọ́ pé kí wọ́n rẹ ojú wọn nílẹ̀. Ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ bá wí, kí ẹ̀yin arákùnrin mi má ṣe gbàgbé. Fíìmù yìí wá fi ojú tí a kò rẹ̀ nílẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ̀rín ni ó sì fi kọ́ wa, ẹ̀kọ́ tí a fi ẹ̀rín kọ́ kì í tètè kúrò lọ́kàn. Bí ènìyàn bá wá bá ọ ní gbangba pé kí o lọ gbé ọkàn rẹ lé ẹni tí o kò mọ ilé rẹ̀, ìwọ yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé orin ń lọ lábẹ́, tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ aṣọ, ta ni yóò rántí jà?

Ẹ tún wo ohun tí fíìmù kò fi hàn. Ta ni ó ń san owó ilé? Ta ni ó béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ wọn, bóyá AA ni tàbí AS? Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ewu ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó wà pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Mo ti bá òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó nílé ìwòsàn ní ààjìn òru, kò sí orin kankan tí ń lọ lábẹ́.

Ní ti etí òkun fúnra rẹ̀, kò ṣẹ̀ wá. Abẹ́òkúta kò ní òkun, odò Ògùn ni a ní, bóyá ìdí tí òkun fi ń wu àwọn ọmọ wa nìyẹn. Lẹ́yìn Ìlèyá, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ní Kútọ̀, tàbí tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, wọ́n ń lọ wo òkun l'Ékòó. Àwọn àgbà wa gbọ́ "etí òkun", nǹkan mìíràn ni wọ́n ń rántí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, Bar Beach ni wọ́n ti yìnbọn pa Ishola Oyenusi àti àwọn tí wọ́n jọ ń digun jalè, èrò sì pé jọ wòran bí ẹni pé ọdún ni. Lónìí, wọ́n ti da yanrìn sí òkun níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic sí i. Ilẹ̀ kan náà ni, ohun tí olúkúlùkù bá gbé lọ síbẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Bí ìwọ àti ẹbí rẹ bá lọ síbẹ̀, tí ẹ wo ìgbì òkun, tí ẹ sì sọ pé Subhanallah, ẹ ti jèrè ọjọ́ yẹn.

Mo ti sọ ìbínú mi. Ẹ jẹ́ kí á wá wo ti ẹ̀rín.

Àwọn kan nínú wa rò pé onígbàgbọ́ kì í rẹ́rìn-ín. Wọn kò ka ìtàn Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dáadáa. Ní ọjọ́ ọdún kan, àwọn ará Ábísíníà ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí Mẹ̀dínà. Aisha, tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, fẹ́ wòran. Ànábì fi aṣọ rẹ̀ bò ó, ó sì dúró fún un títí tí ó fi jẹ́ pé Aisha fúnra rẹ̀ ni ó sú. Ẹ rò ó wò, Ànábì Ọlọ́hun dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọmọbìnrin kan lè wòran tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn! Ìtàn yìí wà nínú Bukhari àti Muslim. Hanzala náà wá sọ fún Ànábì pé òun ti di mùnááfíkì, nítorí pé bí òun bá wà lọ́dọ̀ Ànábì, bí ẹni pé òun ń fojú rí Àlùjáńnà ni, ṣùgbọ́n bí òun bá délé, òun á máa bá aya àti ọmọ ṣeré. Ànábì fi yé e pé ìgbà kan wà fún èyí, ìgbà kan sì wà fún ìyẹn.

Ohun tí ó wá mú èmi gan-an rẹ́rìn-ín, nígbà tí Didi àti Raj ń sáré létí òkun tí wọ́n fi kọlu ara wọn, ni pé mo rántí eré sísá mìíràn. Abu Dawud ni ó gbà á wá. Aisha bá Ànábì rìnrìn àjò, wọ́n sá eré ìje, Aisha sì ṣáájú. Ìgbà pẹ́, ara Aisha sanra díẹ̀, wọ́n tún sá a, Ànábì ni ó ṣáájú, ó wá bá a ṣàwàdà pé òun ti gba ẹ̀san tòní fi dí ti àná. Mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé àwa náà ní fíìmù eré sísá tiwa, pé ó kàn jẹ́ pé lẹ́yìn yìgì ni tiwa bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìgbà wo ni èmi bá òun sáré gbẹ̀yìn? N kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní aya nílé, ẹ gbọ́: bí ẹ kò bá bá wọn ṣeré, wọ́n á máa lọ wo eré lórí fóònù, ẹ kò sì gbọdọ̀ bínú.

Ohun tí ó gbé mi kọ ìwé yìí kù.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn èyí, mo sọ fún àwọn arábìnrin pé mo ti wo fíìmù yín, ẹ wá kí á sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ìyá àwọn ọmọ wà níbẹ̀, àwọn arákùnrin náà jókòó sí apá kejì. Mo rò pé orí ìfẹ́ ojú-ẹsẹ̀ ni a ó ti jà. Rárá o. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó gba ìyẹn gbọ́. Ọ̀kan ní, "Ààfáà, bí ọkùnrin bá kọlù mí ní Pánṣẹ́kẹ̀, pọ́ọ̀sì mi ni màá kọ́kọ́ di mú." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ wa kì í ṣe òmùgọ̀ bí a ṣe ń rò. Wọ́n mọ̀ pé eré ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi tí àwọn òbí ti kọ̀, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Arábìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́sí dìde, ó jáde. Ìyá àwọn ọmọ tẹ̀ lé e. Ìgbà tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó padà ni mo mọ̀ pé wọn kò lọ bu omi.

Ó ti gbà kí n sọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí n kò bá dárúkọ. Arákùnrin kan ń fẹ́ ẹ, ọmọ Auchi ni, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Mùsùlùmí ni, ìran Mùsùlùmí ni ó ti wá. Abẹ́òkúta níbí ni ó ti kàwé, ibẹ̀ náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, mọ́sálásí wa ni ó ti ń kírun. Bàbá ọmọbìnrin, Alhaji tí ó máa ń wà ní sàfú kìíní, ní òun kò lè fi ọmọ òun fún ẹni tí òun kò mọ ìdílé rẹ̀. Ó ní ta ni yóò máa bá àna òun sọ̀rọ̀, èdè wo ni àwọn ọmọ-ọmọ òun yóò máa sọ? Ó ní ọmọ Ẹ̀gbá ti tán nílẹ̀ ni?

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn yìí lẹ́yìn àwọn ọmọ yín, mo fi ìdọ̀bálẹ̀ sọ ọ́. Súúrà Al-Hujuraat, ẹsẹ 13, sọ fún wa pé Ọlọ́hun dá wa láti ara akọ àti abo, Ó ṣe wá ní orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà kí á lè mọ ara wa, pé ẹni tí ó bẹ̀rù Rẹ̀ jù ni ó ní ọlá jù lọ́dọ̀ Rẹ̀. Kò sọ pé kí á lè máa sá fún ara wa. Ànábì sì kìlọ̀, nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, pé bí ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn bá wá fẹ́ ọmọ yín, kí ẹ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdàrúdàpọ̀ àti ìbàjẹ́ ńlá yóò wà lórí ilẹ̀. Ẹ̀sìn àti ìwà ni ó dárúkọ. N kò rí ilé baba níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á má da ọ̀rọ̀ pọ̀ o. Didi àti Raj nínú fíìmù, ti ẹ̀sìn wọn kò kàn wá. Ní tiwa, Súúrà Al-Baqarah, ẹsẹ 221, ti fi ààlà sí ẹni tí a lè fẹ́ àti ẹni tí a kò lè fẹ́, ẹ̀rín kankan kò lè ṣí ààlà yẹn nípò. Arábìnrin tí ó bá fẹ́ fi fíìmù yìí ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wu òun, kí òun fẹ́ ẹ, kò rí ẹ̀rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kì í ṣe ẹ̀sìn. Àwa ni a fi ààlà tí Ọlọ́hun kò fi sí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni ó sì ń sọ èyí! Ta ni Ẹ̀gbá bí kò ṣe àwọn tí ogun kó jọ? Ọdún 1830 ni àwọn ènìyàn wa, tí Ṣódẹkẹ́ ń ṣáájú, dé abẹ́ Olúmọ. Ọ̀kan kọ́ ni wọ́n. Ará Aké wà níbẹ̀, ará Òkè-Ọnà wà níbẹ̀, Gbágùrá wà níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ìlú kéékèèké rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Òwu dé, tí ìlú wọn ti fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn Sàró padà wá láti Sierra Leone, àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ ilé tí wọ́n ti kó wọn lẹ́rú mọ́. Bí olúkúlùkù bá ti sọ nígbà náà pé òun kò ní fi ọmọ fún ẹni tí òun kò mọ ìdílé rẹ̀, ṣé Abẹ́òkúta ì bá wà? Èmi tí mo ń kọ èyí, Òwu ni ìyá tí ó bí bàbá mi, Gbágùrá ni ọkọ rẹ̀.

Mo sì tún ní láti sọ apá kejì, nítorí pé mo lọ bá Alhaji nílé. Èmi, lémọ́mù wa àti ìyá àdínnì ni a jọ lọ. Ó gbà wá tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Ó gbọ́ tiwa. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ààfáà, ṣé ẹ mọ̀ pé ọdún méjì ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí èmi bàbá rẹ̀ tó gbọ́? Ẹni tí ó ń ta káàdì ládùúgbò mọ̀ ọ́n ṣáájú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Auchi tí ó ń tẹnu mọ́ látàárọ̀, ọgbẹ́ mìíràn ni ó fi ń bò. Mo wá rí i pé bí fíìmù náà ṣe to ọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ wa náà ṣe to ti wọn: etí òkun ni àkọ́kọ́, bàbá ni ìgbẹ̀yìn. Nínú fíìmù, wákàtí méjì kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi yanjú, tí bàbá rẹ́rìn-ín, tí wọ́n jó. Nílé Alhaji, oṣù kẹjọ rèé tí ọmọbìnrin kò jẹun dáadáa, tí bàbá kò sì fi ojú kan ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin arákùnrin, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ gbà wọlé. Bí arábìnrin kan bá wù ọ́, ẹ̀sìn kò ní kí o di ojú. Nígbà tí Mughira ọmọ Shu'ba fẹ́ fẹ́ ìyàwó, Ànábì ní kí ó lọ wò ó, nítorí pé ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ìfẹ́ wà láàrín wọn. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó bá wá. Ó tì ọ́ lójú? Ó yẹ kí ó tì ọ́ lójú. Àmọ́ ọdún méjì lórí WhatsApp ní ààjìn òru kò tì ọ́ lójú, bàbá àgbàlagbà tí yóò fún ọ ní àga jókòó ni ó wá ń bà ọ́ lẹ́rù?

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má rò pé ohùn yín kò ká. Khansa ọmọ Khidam, bàbá rẹ̀ fi í fún ọkọ tí kò fẹ́, ó lọ bá Ànábì, Ànábì sì tú yìgì náà ká. Barira, nígbà tí ó kúrò lóko ẹrú, kò fẹ́ ọkọ rẹ̀ Mughith mọ́. Mughith ń tẹ̀ lé e káàkiri ìgboro Mẹ̀dínà, omijé ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Ànábì, ó bá a bẹ Barira. Barira béèrè bóyá àṣẹ ni. Ànábì ní rárá, ẹ̀bẹ̀ ni. Barira ní òun kò fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un, kò sì sí ẹni tí ó fi Mughith ṣẹ̀sín. Ẹ̀sìn wa mọ ìfẹ́, ó sì mọ ẹkún rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá ẹ̀wẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni láti wádìí, ẹnìkan kò gbà á lọ́wọ́ yín. Fatima ọmọ Qays, ọmọ Kuraiṣi gidi, wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Ànábì nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì ń fẹ́ ẹ. Ànábì ní Mu'awiya kò ní owó lọ́wọ́, Abu Jahm kì í gbé ọ̀pá kúrò léjìká. Èyí ni à ń pè ní ìwádìí: ṣé ó ní ohun tí yóò fi bọ́ ọ, ṣé kò ní lù ọ́? Ẹni tí ó wá yàn fún un ni Usama, ọmọ Zayd, ẹrú tí a dá sílẹ̀. Fatima kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó fẹ́ ẹ nígbẹ̀yìn, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé oore ni Ọlọ́hun fi síbẹ̀, débi pé àwọn ènìyàn ń jowú òun. Nítorí náà, ẹ wádìí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wádìí ìrun rẹ̀, ẹ bi àwọn tí wọ́n jọ ń gbé bóyá ó máa ń bínú, ẹ ní kí ó mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá. Bí ẹ bá wádìí tán tí kò dára, ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ma'qil ọmọ Yasar, tí ó búra pé àbúrò òun kò ní padà sílé ọkọ tí ó kọ̀ ọ́, tí ọkọ sì tún padà wá bẹ̀, tí obìnrin náà sì fẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹsẹ 232 nínú Súúrà Al-Baqarah ti sọ̀ kalẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe dènà wọn bí àwọn méjèèjì bá ti gbà fún ara wọn lọ́nà tí ó dára. Ìbínú Ma'qil kì í ṣe lásán, ọkùnrin náà ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìbínú náà mì nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa rẹ̀.

Mo sọ ìtàn Ma'qil yìí fún Alhaji. Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí wọ́n gbé omi fún wa. A dìde, ó sìn wá dé ẹnu géètì, ìgbà tí mo ti wọ bàtà tán ni ó béèrè lọ́wọ́ lémọ́mù pé ọmọkùnrin náà, bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé? Lémọ́mù ní ó wà. Ó ní, "Ẹ ní kí ọmọ náà wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi fún ọdún méjì yẹn, òun nìkan. Kí ó tó mú bàbá rẹ̀ wá."

Ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá ni ó lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọmọ Ẹ̀gbá, a gbọ́ pé ó ti ń kọ́ ọ láti àárọ̀. Ohun tí wọ́n jọ sọ, àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀ láti Auchi lẹ́yìn ọdún Ìlèyá, ilé wa ni wọn yóò dé sí. Ìyá àwọn ọmọ ti ń béèrè irú ọbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀.